Ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ẹtì nínú Lẹ́tà Lucy

Láti ẹnu géètì ilé-ìwé ni Sikirat ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ náà lẹ́yìn. Òjò ọ̀sán Ọjọ́rú ṣẹ̀ṣẹ̀ dá ni, ẹrẹ̀ pupa Òkè-Fíà ń lẹ̀ mọ́ bàtà, kò sí ẹsẹ̀ tí ènìyàn gbé tí kò dún. Tirẹ̀ á dún, ti ẹnìkejì á dún tẹ̀ lé e. Ó bẹ̀rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ tún okùn bàtà so. Ẹsẹ̀ ẹ̀yìn dúró. Ó tún gbéra. Ẹsẹ̀ náà gbéra. Kò bojú wẹ̀yìn. Ó kàn gbá báàgì rẹ̀ mọ́ àyà, nítorí inú báàgì náà ni lẹ́tà wà.

Ọjọ́ márùn-ún ti kọjá tí Lucy Ògúnṣẹ̀yẹ ti di àwátì. Ọmọ Iléṣà ni, ilé-ìwé kan náà ni òun àti Sikirat ti ń kọ́ni ní Òṣogbo, yàrá kan náà ni wọ́n jọ ń sùn. Láàárọ̀ Sátidé ló wọ ọkọ̀ láti lọ kí ìyá rẹ̀ ní Iléṣà. Kò dé ọ̀dọ̀ ìyá. Wọn ò rí awakọ̀ tó gbé e, nítorí ọkọ̀ tí kò forúkọ sílẹ̀ ni, kò sí nínú ìwé àwọn onígáréèjì. Lọ́jọ́ Ajé, ọlọ́pàá mú Mọ́ṣúdù, àbúrò Sikirat, télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Ìgbónà. Gbogbo àdúgbò mọ̀ pé Mọ́ṣúdù fẹ́ràn Lucy. Wọ́n tú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, wọ́n rí gèlè Lucy lábẹ́ tábìlì, ẹ̀jẹ̀ ti gbẹ sára rẹ̀.

Láti ọjọ́ náà ni ilé bàbá wọn kò ti rójú. Àwọn kan sọ òkúta lu páànù, àwọn kan fi èédú kọ APÀNÌYÀN sára ògiri. Ìnsípẹ́kítọ̀ ti búra pé, bí a rí òkú, bí a kò rí òkú, tó bá di ọjọ́ Ẹtì, Mọ́ṣúdù á dúró níwájú adájọ́.

Sikirat kò rìn mọ́, ó ń sáré. Bó ṣe bẹ́ wọ ọgbà àgọ́ ọlọ́pàá, ó kọjá lára ọlọ́pàá ẹnu ọ̀nà láìkí i, ó já wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn.

“Sájẹ́ǹtì! Ẹ gbà mí o, ẹnìkan ń tọ̀ mí lẹ́yìn!”

Ọkùnrin tó jókòó sídìí fèrèsé kò dìde. Sájẹ́ǹtì Mùtàlíbù nìyẹn, ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, ọmọ Òṣogbo, kúkúrú bí ọmọ odó, tí kì í wọ yúnífọ́ọ̀mù, tí tẹ̀sùbáà kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé-kéwú ló ti kọ́kọ́ kàwé kó tó lọ síléèwé gẹ̀ẹ́sì, àwọn ọ̀gá rẹ̀ sì máa ń fi gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ṣẹ̀fẹ̀. Àmọ́ bí ọ̀rọ̀ bá ta kókó, òun ni wọ́n máa ń pè. Òun ló mọ ẹni tó dáná sun ìsọ̀ kan ní Ọjà Ọba lọ́dún tó kọjá, nítorí pé ọkùnrin náà sọ pé “iná yẹn” kí ẹnikẹ́ni tó dárúkọ iná fún un. Etí ni Mùtàlíbù fi ń wá ọ̀daràn.

Ó na ọrùn wo ìta. “Ṣé ọkùnrin gíga yẹn, oníbùbá àwọ̀ ewé?”

“Òun ni!”

“Jókòó, tíṣà. Ọmọọṣẹ́ mi ni. Láti ìgbà tí wọ́n ti sọ òkúta lu ilé yín ni mo ti ní kó máa sìn ọ́ lọ, kó máa sìn ọ́ bọ̀. Ó yẹ kí n sọ fún ọ. Má bínú.”

Sikirat jókòó, ó bú sẹ́kún. “Mo ṣe bí ó ń dọdẹ mi ni.”

“O jàre. Ohun tí ẹsẹ̀ ọdẹ ń ṣe náà ni ẹsẹ̀ ẹni tó ń sìn ọ́ ń ṣe. Inú wọn ló yàtọ̀.” Ó sọ ọ́ tán, tẹ̀sùbáà rẹ̀ dúró lójú kan, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ló ta á létí. “Kí lo gbá mọ́ àyà bẹ́ẹ̀?”

Sikirat yọ lẹ́tà náà. “Àárọ̀ yìí ló dé sí ilé-ìwé. Lucy ló kọ ọ́.”

* * *

Gẹ̀ẹ́sì ni lẹ́tà náà, kò ju ìlà mẹ́fà lọ. Sikirat kà á síta, ó ń tú u bó ṣe ń kà á, àfi àwọn ibi tí Mùtàlíbù ti ní kó fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ bí Lucy ṣe kọ ọ́ gẹ́lẹ́:

“Sikirat mi ọ̀wọ́n, má ṣe wá mi. Mọ́ṣúdù *saw me off* ní Sátidé. Mo ti pàdé ọkùnrin tí mo fẹ́ fẹ́, Ìbàdàn la wà báyìí. *I followed him.* Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì *escorted me.* Ara mi le. Jọ̀wọ́, bá mi rán àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún létí ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ẹtì. Èmi ni Lucy.”

“Inú bí mi nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á,” ni Sikirat wí. “Àbúrò mi ń jẹ ìyà lórí rẹ̀, òun wà ní Ìbàdàn ń fẹ́ ọkọ! Ṣùgbọ́n nígbà tí mo tún un kà, ẹ̀rù bà mí. Sájẹ́ǹtì, kì í ṣe Lucy ló kọ ọ́.”

“Ṣé ọwọ́ rẹ̀ kọ́ nìyí ni?”

“Ọwọ́ rẹ̀ ni. Mo mọ ìrù lẹ́tà rẹ̀ níbikíbi. Ẹnu rẹ̀ kọ́. Lucy kì í kọ *follow* báyìí. Bí ọmọ kíláàsì rẹ̀ bá sọ pé òun *followed* ìyá òun lọ sọ́jà, iwájú bọ́ọ̀dù ni ọmọ náà máa dúró títí yóò fi tún un sọ. Òun fúnra rẹ̀ á wá kọ irú rẹ̀ sí mi?”

Ìlẹ̀kùn ṣí. Ìnsípẹ́kítọ̀ wọlé, ó gba lẹ́tà, ó fojú sáré kà á, ó sì jù ú sórí tábìlì. “Àwọn ọ̀rẹ́ télọ̀ yẹn ló kọ ọ́. Ẹ wo ìlà kejì: Mọ́ṣúdù báyìí, Mọ́ṣúdù báyẹn. Ta ni yóò jàǹfààní rẹ̀ bí kò ṣe òun? Màá fi wáyà ránṣẹ́ sí Ìbàdàn kí ẹnu má baà kùn mí, àmọ́ ọjọ́ Ẹtì kò yẹ̀.”

“Ọ̀gá, sítáǹbù Iléṣà ló wà lára àpòòwé,” ni Mùtàlíbù wí.

“Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kò lè wọ ọkọ̀ dé Iléṣà ni?” Ó yọ ìwé mìíràn látinú fáìlì. “Ohun tí ọmọkùnrin náà fẹnu ara rẹ̀ sọ nìyí. *I followed her to the motor park.* Ó tọ ọmọ ọlọ́mọ lẹ́yìn dé gáréèjì bí ọdẹ ṣe ń tọ ẹran. Kí la tún ń wá?” Ó jáde.

Mùtàlíbù fa ìwé náà sọ́dọ̀, ó wò ó pẹ́.

“Gẹ̀ẹ́sì mélòó ni Mọ́ṣúdù gbọ́?”

“Kò ju *good morning* lọ.”

“Ta ló wá sọ *follow*?”

* * *

Inú àtìmọ́lé tutù, ó ń rùn. Mọ́ṣúdù jókòó sílẹ̀, ó ti rù láàárín ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tó rí ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó dìde, ó di irin mú. Mùtàlíbù kò kí i pẹ́.

“Lédè Yorùbá, bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ gan-an lọ́jọ́ Ajé, kí lo sọ fún kọ́púrà tó kọ ọ̀rọ̀ rẹ sílẹ̀ ní gẹ̀ẹ́sì?”

“Mo ní mo sìn ín dé gáréèjì ni. Mo bá a gbé báàgì. Nígbà tí ọkọ̀ ṣí, mo padà sí ṣọ́ọ̀bù.”

“O sìn ín. O ò ní o tọ̀ ọ́ lẹ́yìn?”

“Kí ni n óò máa tọ̀ ọ́ lẹ́yìn sí? Ẹ̀gbẹ́ ara wa la jọ ń rìn, a ń sọ̀rọ̀ ni.”

“Ẹ̀jẹ̀ ara gèlè ńkọ́?”

Mọ́ṣúdù wo ilẹ̀. “Bó ṣe fẹ́ gun ọkọ̀, ó fẹsẹ̀ gbá irin, èékánná àtàǹpàkò ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣí. Gèlè orí rẹ̀ ló fi nu ún, èmi wá ya ìpẹ̀kun bùbá mi, mo fi dì í fún un. Ó ní kí n bá òun fọ gèlè náà. Mi ò tíì fọ̀ ọ́ tí wọ́n fi dé.”

“Ta lo ti sọ ọ̀rọ̀ ẹsẹ̀ yìí fún?”

“Kò sẹ́ni. Nígbà tí mo fẹ́ sọ ọ́, wọ́n ní kí n dákẹ́, wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ti sọ̀rọ̀.”

“Máa dákẹ́ lọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, kó dà bí ẹni pé o yadi. Ìwọ náà, tíṣà. Ọ̀rọ̀ àtàǹpàkò yìí, àwa mẹ́ta nìkan ló mọ̀ ọ́n.” Ó na ìka kẹrin sókè. “Àwa mẹ́ta, àti Lucy. Àti ẹnikẹ́ni tó bá rí Lucy lẹ́yìn tó gun ọkọ̀.”

* * *

Nígbà tí wọ́n padà dé yàrá kékeré náà, ó bi Sikirat pé, “Kí ni ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ẹtì?”

“Mo rò pé ó kàn ní kí n bá òun kí àwọn ọmọ ni.”

“Ẹni tó ń fẹ́ ọkọ ní Ìbàdàn kò ní máa ronú kan ẹ̀kọ́ ọjọ́ Ẹtì. Wá a fún mi.”

Kò sí wíwá níbẹ̀. Sikirat ló ń di kíláàsì Lucy mú láti ọjọ́ Ajé, ìwé tí Lucy ń kọ ẹ̀kọ́ sí wà nínú báàgì rẹ̀. Ó ṣí i sí ọjọ́ Ẹtì tó kọjá. Ojú rẹ̀ ṣá lójijì.

“Sájẹ́ǹtì…”

“Kà á.”

“Gbogbo ọ̀rọ̀ gẹ̀ẹ́sì tí àwa máa ń kó pọ̀ sínú ‘tẹ̀ lé’ àti ‘sìn’ ló ṣàlàyé fún wọn. Ẹ gbọ́ mi. *Accompany*: ẹ̀yin méjèèjì jọ ń lọ ni, tinútinú, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. *See off*: o sìn ín dé ibi tí yóò ti wọ ọkọ̀, o padà sílé. *Follow*: ẹnìkan ń lọ níwájú, ìwọ wà lẹ́yìn rẹ̀. *Escort*…” Ó gbé ìwé náà súnmọ́ ojú. “*Escort*: wọ́n ń ṣọ́ ọ lọ. Bí ẹ̀ṣọ́ ṣe ń ṣọ́ ọba, tàbí bí ọlọ́pàá ṣe ń mú ẹlẹ́wọ̀n lọ sílé-ẹjọ́. Ó fa ìlà sábẹ́ ẹlẹ́wọ̀n.”

Níta, omi òjò ń kán sínú agolo kan.

Mùtàlíbù ló kọ́kọ́ lanu. “Ẹnìkan dúró lé e lórí, ó ń sọ ohun tí yóò kọ fún un ní Yorùbá. Ó ní: kọ ọ́ pé o tẹ̀ lé ọkọ rẹ lọ, kọ ọ́ pé àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ sìn ọ́. Ẹni náà gbọ́ gẹ̀ẹ́sì díẹ̀, ó lè kà á, ṣùgbọ́n lójú tirẹ̀, ìkan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ yìí wá ń ṣa ọ̀rọ̀ lábẹ́ imú rẹ̀. Ẹ̀rí kìíní: Mọ́ṣúdù padà sílé láti gáréèjì. Ó dá a láre. Ẹ̀rí kejì: ọkùnrin méjì ń ṣọ́ ọ. Ṣé o rí i?”

“Mo rí i. *Follow* ńkọ́?”

“Ìwọ ni tíṣà. Nínú ọkọ̀, ṣé ènìyàn lè *follow* ẹni tí wọ́n jọ jókòó?”

“Rárá. Wọ́n á jọ wà lórí àga ni.”

“Kí ló máa ń mú kí ẹnìkan wà níwájú, kí ẹnìkan wà lẹ́yìn, tí àyè kò sí láti rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn?”

“Ọ̀nà tóóró,” ni Sikirat wí wúyẹ́wúyẹ́. “Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.”

“Lucy kò sí ní Ìbàdàn. Inú oko ló wà.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fa tẹ̀sùbáà lẹ́ẹ̀kan sí i. “Oko wo? Ta ló ni ín? Ẹni tó ní kó kọ ‘má ṣe wá mi’ ń dúró kí ọjọ́ kan kọjá ni. Kí ló wà níwájú Lucy lọ́sẹ̀ yìí?”

Sikirat kò ronú jìnnà. Ẹjọ́ wà ní Iléṣà lọ́jọ́ Ẹtì. Kí bàbá Lucy tó kú, ó ní kí Lucy jókòó ti òun lórí àìsàn, kó kọ ọ́ sílẹ̀ pé oko kòkó òun ní Ìmẹ̀sí-Ilé di ti Phebe, ìyá Lucy. Lucy nìkan ló wà níbẹ̀ tó ṣì wà láyé. Bí kò bá dúró níwájú adájọ́ láti sọ pé ọwọ́ òun ló kọ ìwé náà, oko á bọ́ sọ́wọ́ Ajíbádé, àbúrò bàbá rẹ̀.

“Ajíbádé,” ni Mùtàlíbù wí. Ọkùnrin tó ń tẹ̀ lé Phebe wá sí àgọ́ ọlọ́pàá lójoojúmọ́, tó ń sunkún ju ìyá ọmọ lọ, tó sì ń pariwo pé kí wọ́n so Mọ́ṣúdù kọ́!

“Ẹ lọ mú un nísinsin yìí!”

“Kí n sọ fún Ìnsípẹ́kítọ̀ pé kí ni? Pé *follow* ló ní kí n mú un? Tí mo bá fọwọ́ kàn án tí mi ò ní ẹ̀rí, yóò ránṣẹ́ sí oko kí n tó débẹ̀. O mọ ohun tí wọ́n máa ṣe.” Ó wo ojú Sikirat, kò sì fi ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ pa mọ́. “Àárọ̀ ọ̀la, yóò wá. Jókòó tì mí. Ohunkóhun tí o bá gbọ́, má ṣe jẹ́ kí ojú rẹ yí padà.”

* * *

Aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀ ni Ajíbádé dé, arẹwà àgbàlagbà, agbádá rẹ̀ funfun báláú. Phebe wà lẹ́yìn rẹ̀, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí oorun kò kan ojú rẹ̀ láti Sátidé. Wọ́n jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Sikirat wà ní igun yàrá.

“Bàbá, Màmá, ẹ bá mi yọ̀,” ni Mùtàlíbù wí, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. “Lucy kọ lẹ́tà. Ìbàdàn ló wà, ó ti rí ọkọ.”

Phebe figbe ta, ó wó lulẹ̀ lórí orúnkún. Ajíbádé gbọ́wọ́ sókè. “Jésù, mo dúpẹ́! Mo ti sọ ọ́! Ọmọ ìwòyí! Ẹ wò bó ṣe fẹ́ pa wá. Ó dára, ẹ jẹ́ ká fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀.”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ó kù díẹ̀ ni. Àwọn ọlọ́pàá Ìbàdàn ti dé ilé náà láàárọ̀ yìí.” Irọ́ ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. “Wọn yóò fi í sínú ọkọ̀ ojú irin wá síbí lónìí, kí Ìnsípẹ́kítọ̀ fojú kàn án. Láti ibùdókọ̀, ó máa fẹsẹ̀ rìn wá, kò jìnnà.”

Ajíbádé mí kanlẹ̀. Ó dà bí ẹni tó ń ṣírò nǹkan nínú, tí ọ̀rọ̀ sì ń yára ju ìṣirò lọ. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á láàmú. Kí ló dé tí ẹ ò jẹ́ kó sinmi di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ẹni tí èékánná ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣí bẹ́ẹ̀, ẹ ní kó tún máa fẹsẹ̀ rìn?”

Tẹ̀sùbáà dúró.

“Èékánná wo, bàbá?”

“Ẹsẹ̀… ẹsẹ̀ rẹ̀ tó fi gbá nǹkan.”

“Ta ló sọ fún yín?”

“Ìyá rẹ̀ ni.”

Phebe yíjú sí i láti ilẹ̀ tó kúnlẹ̀ sí. “Èmi? Èmi tí n kò rí ọmọ mi láti oṣù tó kọjá?”

“Gbogbo ìgboro ló ń sọ ọ́.”

“Ohun tí ìgboro ń sọ ni pé Mọ́ṣúdù dúńbú rẹ̀,” ni Mùtàlíbù wí, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá ọmọdé sọ̀rọ̀. “Kò sí ẹni tó gbọ́ ọ̀rọ̀ èékánná nílùú yìí. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ ló ti ṣí, ní Sátidé, bó ṣe ń gòkè. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n gbọ́dọ̀ ti rí Lucy nígbà tó sọ̀ ní Iléṣà. Níbo lẹ ti rí i, bàbá? Kí lẹ sọ fún un? Pé ìyá rẹ̀ ń ṣàìsàn lóko?”

Òógùn bo iwájú orí Ajíbádé. Ó wo ìlẹ̀kùn. Ọkùnrin gíga tó wọ bùbá àwọ̀ ewé ti dúró síbẹ̀. Ó pa ẹnu dé, kò sì tún ṣí i mọ́, kódà nígbà tí Ìnsípẹ́kítọ̀ fúnra rẹ̀ wọlé tó ń jágbe mọ́ ọn. Ìgbà tó yá, ó sọ gbólóhùn kan péré, ó sì wo Sikirat nígbà tó ń sọ ọ́:

“Kí ẹ tó débẹ̀, ẹ̀pa kò ní bóró mọ́.”

Phebe ti dìde. Kò sunkún mọ́. “Mo mọ ibẹ̀,” ló wí. “Abà bàbá Lucy, lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè. Èmi ni mo bá a kọ́ ahéré rẹ̀.”

* * *

Lándírófà àwọn ọlọ́pàá gba Ìbòkun, ó ń ta pọ̀ọ̀ nínú kòtò. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìmẹ̀sí-Ilé, ọ̀nà ọkọ̀ parí lábẹ́ òkè. Wọ́n fi Phebe sílẹ̀ lọ́dọ̀ awakọ̀ nítorí ẹsẹ̀ ń dùn ún, ó sì ti ṣàpèjúwe ọ̀nà fún wọn. Ipa ọ̀nà náà rí bí Mùtàlíbù ṣe wí, àtẹ́lẹsẹ̀ kan péré ló gbà. Òun ló ṣáájú, ọmọọṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e, ọlọ́pàá méjì mìíràn, Sikirat ló gbẹ̀yìn. Igi kòkó dí ojú ọ̀run. Òkú ewé tó rin ń gbé ẹsẹ̀ wọn mì. Sikirat ń wo ilẹ̀ bó ṣe ń rìn, ó ń wá ojú ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ nínú ẹrẹ̀, ó sì ń bẹ̀rù pé òun lè rí i.

Mùtàlíbù gbọ́wọ́ sókè. Òórùn èéfín. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbọ́ dídún kan: gbì. Ó dákẹ́. Gbì. Irin tó ń wọ ilẹ̀.

Nígbà tí wọ́n yọ sí àyè abà, ọkùnrin kan sọ ohun ọwọ́ rẹ̀ nù, ó sá wọgbó. Wọn ò rí i mú. Ekejì wà nínú ihò dé ìbàdí, ọkọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kò sá. Ó kàn gbé ọkọ́ náà kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó ń wo wọn bí ẹni tí wọ́n jí lójú oorun.

“Kí lò ń gbẹ́?” ni Mùtàlíbù bi í.

“Wọ́n ní kí n gbẹ́ ihò tí a ó to iṣu sí.”

“Iṣu, nínú oṣù Kẹfà?”

Sikirat kò dúró gbọ́ èsì. Ó ti sáré dé ahéré, ó ń fa okùn tí wọ́n fi di ìlẹ̀kùn, èékánná rẹ̀ ń ya. “Lucy! Lucy, èmi ni!” Ìlẹ̀kùn já. Òkùnkùn ni inú rẹ̀. Nígbà tí òkùnkùn náà mọ́ ọn lójú díẹ̀, ó rí aṣọ kan tó ká jọ ní igun, ó rò pé ó ti parí.

Aṣọ náà mí.

Wọ́n tú okùn ọwọ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, aṣọ Mọ́ṣúdù ṣì wà lára àtàǹpàkò rẹ̀, ó ti dúdú. Lucy ń wo ẹnu ọ̀nà, kì í ṣe Sikirat, bí ẹni tó rò pé àlá ni, tí ẹni tó ń bọ̀ gan-an kò ì tíì wọlé. Nígbà tó mú omi, ó sọ̀rọ̀.

“Ọjọ́ mélòó ló kù kó di ọjọ́ Ẹtì?”

“Ọ̀la ni.”

“Mo ń gbọ́ ìró ọkọ́ náà láti àárọ̀.” Ó fi àgbọ̀n tọ́ka ìta. “Lánàá, wọ́n ní kí n dùbúlẹ̀ sílẹ̀. Mo rò pé… Wọ́n wá fi okùn wọ̀n mí láti orí dé ẹsẹ̀. Wọ́n ti so kókó sí i, wọ́n ní kí n dìde. Wọn ò sọ nǹkan kan fún mi. Wọ́n kàn ń bá ara wọn jiyàn bóyá ó ti jìn tó.”

Sájẹ́ǹtì Mùtàlíbù, tó ti bá ọlọ́pàá ṣiṣẹ́ fún ogún ọdún, jáde lọ sídìí igi kan, ó sì fẹ̀yìn tì í. Nígbà tó padà wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

“Ẹ bá mi dí i,” ni Lucy wí nígbà tí wọ́n gbé e dé ìta. “Ẹ jọ̀ọ́. Mi ò fẹ́ kó wà ní ṣíṣí.”

“Mi ò lè dí i, ọmọ mi. Adájọ́ gbọ́dọ̀ rí i.”

Lucy wo ihò náà fún ìgbà pípẹ́. Omi ti ń sun sínú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. “Ẹ kọ́kọ́ mú Ajíbádé wá wò ó,” ló wí. “Kó dúró níbi tí mo dúró sí yìí.”

Wọ́n fi ọlọ́pàá méjì sílẹ̀ lẹ́bàá ihò náà àti lọ́dọ̀ ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ọkùnrin gíga náà gbé Lucy pọ̀n, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Wọn kò tíì rìn jìnnà nígbà tí Lucy bẹ̀rẹ̀ sí í yí ọrùn padà, yí ọrùn padà, tí kò lè farabalẹ̀ nítorí ẹsẹ̀ tó ń dún lẹ́yìn. Ẹsẹ̀ Sikirat ni. Sikirat sọ fún un pé òun ni; kò tó. Ó ní láti gba inú igbó kọjá lọ síwájú, kí ẹ̀yìn Lucy lè dá pátápátá. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe rìn dé ìsàlẹ̀.

Phebe dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ lándírófà. Ó rí ọmọ rẹ̀ láàyè, ó lọ gbá a mú, ó fọwọ́ pa á láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀, ó ń ka ẹ̀yà ara rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé e fún un lọ́jọ́ ìkúnlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bi Sikirat pé, “Kí ló wà lókè yẹn tó pẹ́ yín tó báyìí?”

Sikirat wo Mùtàlíbù. Mùtàlíbù ń wo ẹrẹ̀ ara bàtà rẹ̀.

“Kò sí nǹkan kan, Màmá,” ni Sikirat wí. “Ilẹ̀ ló ń yọ̀.”